Èémí Agédígí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò mí lójú lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, mi ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo fi fò dìde. Fìlà nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe já a gbà lórí rẹ̀, mi ò lè sọ. Dókítà ojú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, ó ní, "Màmá, ẹ rọra, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú dunni sí mi lójú ni, wọn ò tíì ṣe nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojo ni mí o. Dígí ni mò ń gé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gé e, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi: dígí fèrèsé, dígí orí tábìlì, dígí tí wọ́n fi ń wojú. Mo máa ń gbé dígí tó ga jù mí lọ kọjá títì, tí àwọn onímọ́tò á dúró dè mí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta ni ohun funfun kan ti ń bo ẹyinjú mi díẹ̀díẹ̀. Tòsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Tọ̀tún ni mo fi ń ríran, òun náà sì ti ń di kùrukùru. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé dígí fèrèsé tí kò sì dé ojú igi, èmi tí àwọn káfíńtà máa ń sọ pé ojú mi ju rúlà lọ.

Dókítà ní òun máa yọ ohun funfun náà, òun á fi èyí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, tòsì ṣáájú, tọ̀tún tẹ̀ lé e. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ fún ojú kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní sùn o. Ọkàn mi ò lágbára tó láti gba oògùn tí wọ́n fi ń múni sùn. Mo gbọ́dọ̀ nà gbalaja láìsùn, kí aṣọ bo gbogbo ojú mi, kí ihò kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ń ṣe, kí n má sì mira.

"Kì í ṣe ìrora ló ń dà yín láàmú," dókítà sọ fún mi nígbà tí nọ́ọ̀sì ti gba fìlà rẹ̀. "Ẹ máa ń sé èémí. Tẹ́ ẹ bá sé e pẹ́, ẹ máa tú u lẹ́ẹ̀kan náà, orí yín á sì fò sókè. Tí irin mi bá wà nínú ojú yín nígbà yẹn ńkọ́?" Ó mi orí. "Ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá padà wá tí kò ṣeé ṣe, Màmá, mi ò ní lè fọwọ́ kan ojú yín o. Mi ò fẹ́ kí n bà á jẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú mi lọ nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi náà sì tẹ̀ lé e. Mo rìn jáde, mò ń bi ara mi léèrè pé ṣé wọ́n tún ń kọ́ṣẹ́ dídùbúlẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó sì wà lójú ọ̀nà jíjìn nígbà tí mo pè é. Ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi wá kọ́ yín. Ìyẹn máa ń jókòó jẹ́ẹ́ láràárọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ èémí dáadáa."

Mo ní, "Ìyàwó rẹ tó ń kọ́ èèyàn ní lílúwẹ̀ẹ́? Ṣé inú omi ni dókítà ti fẹ́ ṣe ojú mi ni?"

Olómi ni mo máa ń pe ìyàwó rẹ̀. Àwọn àgbà tí ẹ̀rù omi ń bà ló máa ń kọ́, àwọn tó jẹ́ pé bí omi bá ti dé àyà wọn, igbe ni. Kí n má parọ́, ọdún kẹta tí ọmọ mi fẹ́ ẹ nìyẹn, èmi àti ẹ̀ ò sì tíì wọ̀. Kò sí ìjà kankan o. Á kí mi dáadáa, á bá mi ṣe ohun tó yẹ, á wá jókòó, á dákẹ́ lọ gbári. Gbogbo ìgbà tí mo bá wojú rẹ̀, ojú náà tẹ́jú bákan náà, bí ojú ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wá. Mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò fẹ́ràn mi.

Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó sì gbé mi jókòó sórí àga onígi nínú pálọ̀ mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín nà. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Ẹ dijú. Ẹ kàn máa wo èémí yín bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Tó bá jáde, ẹ kà á ní ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dé ẹ̀wá, ẹ padà sí ọ̀kan. Tí ọkàn yín bá ṣáko lọ, ẹ rọra mú un padà wálé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, Màmá."

Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń mí, kò sẹ́ni tó gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dijú, mo dojú kọ ihò imú mi. Ọ̀kan. Èjì. Mo dúró de ẹ̀ta, ẹ̀ta ò wá. Mo tún dúró. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àyà mi le gbagidi.

"Màmá," Olómi ní, "ẹ ò mí."

"Mò ń wò ó ni!"

"Ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ sì máa mí."

A tún un ṣe. Bákan náà ni. Ìgbà kẹta, òòyì kọ́ mi débi pé mo di apá àga mú. Mo ti ń retí kó sọ pé olórí kunkun ni mí, kí n lè rí ohun fi fèsì, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo kọ́kọ́rọ́ tó wọ ilẹ̀kùn tí kò yí.

"Ó yà mí lẹ́nu o," ó ní. "Àwọn tí mò ń kọ́ máa ń sé èémí torí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ò bà yín níbí. Kí ló wá dé?"

Mo ní òun ni olùkọ́, òun ni kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ èmi gan-an lára. Títí mo fi sùn ni mò ń rò ó.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní dígí fèrèsé gígùn kan láti gé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, mo ti kọ́tà mi bọ kẹrosíìnì, ìyẹn irin kékeré tó ní táyà bíńtín lẹ́nu, mo gbé igi gígùn lé dígí, mo sì fa ìlà láti òkè wá sọ́dọ̀ ara mi. Ìró ni a fi ń mọ ìlà tó dára: ó gbọ́dọ̀ dún geere, kó má já. Lẹ́yìn náà mo fà á dé etí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì pín sí méjì.

Olómi ní aago kan tó máa ń fi kọ́rùn, èyí tó fi ń ka àkókò fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó gbé e sójú, ó ní, "Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi pín, ẹ ò mí rárá."

"Irọ́ ni."

"Ẹ gé òmíràn."

Mo gé òmíràn. Òótọ́ ni.

Ìgbà yẹn ni ohùn bàbá mi padà sí mi létí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó dúró lẹ́yìn mi nídìí tábìlì yìí kan náà, tó ní, "Sé èémí, kí ọwọ́ má gbọ̀n." Mo sé e. Láti ọjọ́ náà wá, gbogbo ìlà tí mo ti fà láyé mi, mo sé e. Mo sọ fún Olómi.

"Ẹ ti so ojú yín mọ́ èémí yín nìyẹn," ó ní. "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ti tẹjú mọ́, èémí á dúró. Èmi sì wá ní kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ èémí fúnra rẹ̀."

Àwa méjèèjì wo ara wa. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, bí ẹni tó rí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi kiri. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́: mi ò mí. Mo da omi gbígbóná sínú fláàsì: mi ò mí. Mo buwọ́ lùwé: mi ò mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tọkọtaya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ń jà, mo sì fi etí lé ògiri kí n lè gbọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni mo ti ká ara mi mọ́: ìyá arúgbó, ó fara ti ògiri, kò mí, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé ìjà náà dáwọ́ dúró.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo gbọ́n lágbọ́njù. Mo ní bí mo bá lè gé dígí kí n sì máa mí, a jẹ́ pé mo ti bọ́. Mi ò gbàmọ̀ràn lẹ́nu ẹnì kankan. Káfíńtà kan ní kí n gé dígí orí tábìlì fún òun, dígí tó nípọn dáadáa, oníbàárà rẹ̀ sì ń dúró dè é. Olómi wà níbẹ̀. Mo fa èémí sínú, mo fi kọ́tà lé e, mò ń mí, mò ń fà. Nígbà tí mo dé àárín, àyà mi wú, ọwọ́ mi gbọ̀n, ìlà yà bàrá. Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ó fọ́ sí mẹ́ta.

Inú bí mi, mo sì wá ẹni tí màá bínú sí. Mo kọjú sí Olómi, mo ní, "Ṣé ọmọ mi ló rán ẹ kó o wá ba ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ni? Kó ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbí!"

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá àfọ́kù tó wà lábẹ́ tábìlì mọ́ kí n má baà tẹ̀ ẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Gbígbá tó gbálẹ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbìyànjú rẹ̀ èmi nìkan. Mo jókòó, mo dijú, èémí lọ. Ọjọ́ méjìlá ló kù. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé fóònù. Mo ti ṣètò bí màá ṣe tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ gígùn tó dára, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Olómi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ó ní, "Mo ti wà lọ́nà, Màmá."

Nígbà tó dé, ó ní òun lòun kọ́ mi lọ́nà tí kò tọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi èémí sílẹ̀. Ẹ má wò ó mọ́. Ẹ gbọ́ nǹkan kan. Kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Fíríìjì."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn yín. Ọwọ́ ò lójú, kò ní tẹjú mọ́ nǹkan kan. Tí èémí bá fẹ́ kọjá, kó kọjá."

Fíríìjì yẹn ti pẹ́ nílé mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó wà nínú ìró fíríìjì pọ̀! Ìró kan nípọn nísàlẹ̀. Òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ̀n rìrì, ó sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọwọ́ tó wà níkùn mi ń lọ sílẹ̀. Atẹ́gùn ń jáde ní imú mi fúnra rẹ̀, mi ò pè é, mi ò rán an níṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí láti wò ó, kó má baà sá bí alángbá. Mo padà sí fíríìjì kíákíá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó di márùn-ún. Ọkàn mi ń ṣáko o: á lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, á lọ bá àwọn tó ń ta igi fèrèsé jà, á padà wá. Ìgbàkigbà tí mo bá ká a mọ́ ní ìta, màá bú ara mi: "Aláìgbọràn!" Olómi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ má bá a wí, Màmá. Ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti lọ yẹn gan-an lẹ ṣe é dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kò sẹ́ni tó yìn mí rí nítorí pé mo ṣìnà.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí ti aṣọ. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì bò mí lójú, òun náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ bo ojú. Kò pẹ́ tí gbogbo ara mi fi dìde. Mo fẹ́ ya á dànù.

"Ẹ dúró ná," ó ní láti abẹ́ tirẹ̀. "Ẹ̀rù yẹn, ibo ló wà?"

Ìbéèrè wo nìyẹn? Síbẹ̀, mo wá a. "Ọ̀fun ni."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó tó ẹyin."

"Ṣé ó dúró sójú kan?"

Mo tún wò ó. Kò dúró. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láyà. Mo ń sọ fún un bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń júwe olè fún ọlọ́pàá, nígbà tó sì fi dé ikùn, kò tó ẹ̀wà mọ́. Mo ti fẹ́ mọ ibi tó ń lọ débi pé mo gbàgbé láti sá fún un. Mo bi Olómi pé ṣé ẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà máa ń rìn báyìí. Ó ní òun ò mọ̀, òun ò bi wọ́n rí, àfi tòun fúnra òun.

"Ẹ̀rù máa ń ba ìwọ náà?"

"Lójoojúmọ́, Màmá."

A tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwa méjèèjì, lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nígbà tó fi ku ọ̀la tí a ó padà lọ, èyí tí mo ṣe tó pẹ́ jù jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mi ò dé ogún rí.

Nọ́ọ̀sì náà ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ó fi nǹkan de fìlà rẹ̀ mọ́ irun. Olómi dúró níta. Wọ́n tẹ́ mi, wọ́n kán oògùn, wọ́n sì fi aṣọ bò mí.

Ó dé. Ọ̀fun, ó tó ẹyin. Mo ní, ẹ káàbọ̀ o, ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń kùn lápá ọ̀tún mi. Ó ní ìró nínípọn, ó ní ìró tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn. Lókè ojú mi, ìmọ́lẹ̀ funfun ń tú káàkiri, mi ò sì wò ó. Mo kàn ń gbọ́.

Ibi tí mo ti ń gbọ́ ni mo ti gbọ́ imú dókítà. Ó wà nítòsí etí mi, ó ń mí lábẹ́ ìbòmú rẹ̀, wọlé, jáde. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ wọlé báyìí." Irin kan kan mi lójú fẹ́rẹ́. Mo retí kí imú yẹn mí. Kò mí. Mo dúró dè é. Kò mí rárá.

Ó ń sé èémí! Ẹ gbà mí, irin wà lójú mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Ta ló dúró lẹ́yìn ọkùnrin yìí nídìí tábìlì, tó sọ fún un pé kí ọwọ́ má gbọ̀n? Pẹ̀lú gbogbo ìlà tí mo ti fà láyé mi, mo mọ ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: kì í ṣe ẹ̀rù, ìtọ́jú ni. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kò fẹ́ kó fọ́. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní, ó dáa, ìwọ sé tìẹ, èmi á máa mí ní tèmi.

A ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ó pẹ́, mo sì ti ń rò pé ó máa tó tán, ni dókítà bá sọ̀rọ̀. "Màmá, ó ti le ju bí mo ṣe rò lọ. Mo nílò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Ṣé ẹ lè fún mi?"

Mi ò lè mi orí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni mo mọ̀. Èyí tó kù, mi ò débẹ̀ rí. Ẹyin náà padà dé ọ̀fun mi, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn mi sì sá jáde lọ bá gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀: ojú tó fọ́, ṣọ́ọ̀bù tó tì, ọmọ tó ń fà mí lọ́wọ́ kọjá títì. Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Mi ò bú u. Mo mú un padà, ó tún lọ, mo tún mú un padà. Mi ò mọ iye ìgbà. Kò pẹ́, mo ká ara mi mọ́ níbi tí mo ti ń ka èémí, ọ̀kan dé ẹ̀wá, kò sì dúró. Mo na ìka ọwọ́ mi kan fún dókítà pé kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣí aṣọ kúrò, wọ́n lẹ̀ nǹkan mọ́ mi lójú. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ó ti tán. Ẹ lè dìde."

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí ná. Mo wà ní ẹ̀jọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a padà síbẹ̀ kí wọ́n lè ṣí i. Olómi jókòó níwájú mi lórí àga kékeré kan, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. Nọ́ọ̀sì fa ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú mi, ó ní kí n rọra là á. Omi dà jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú èèyàn kan, gbogbo rẹ̀, títí dé irun ìpéǹpéjú.

Àṣé ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín. Kò la ẹnu. Ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ lápá kan ló máa ń gbéra díẹ̀, bíńtín báyìí, ojú rẹ̀ á sì kó jọ nísàlẹ̀. Kùrukùru kò lè jẹ́ kí èèyàn rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Mo wò ó títí, ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo ní, "Olómi, ṣé bó o ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọdún mẹ́ta yìí nìyí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."